Ìdíje Kẹta: Tẹ́níìsì Ikọ̀ Obìnrin àti Pápá Tiwa ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ eré àwọn obìnrin ni. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò nílò agbẹnusọ. Àwọn Super Falcons ti ń fi ẹsẹ̀ sọ tiwọn. Tẹ́níìsì ni mo bá wá, èyí tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá kọjá lórí àwọ̀n, tí púpọ̀ nínú wa gbà pé eré àwọn ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni.

Nínú tẹ́níìsì náà, apá kan ṣoṣo ni mo mú: ìdíje tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń ṣa obìnrin rẹ̀ jọ, tí wọ́n á wọ aṣọ àsíá, tí wọ́n á lọ kojú orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti ọdún 2020, Ife Ẹ̀yẹ Billie Jean King ni wọ́n ń pè é. Fed Cup ló ń jẹ́ kó tó dìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi yàtọ̀. Tẹ́níìsì tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, eré anìkanjà ni. Ọmọ náà ló ni owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, òun ló ni òógùn rẹ̀, òun nìkan náà ni ìtìjú máa bá. Títí di àìpẹ́ yìí, nínú àwọn ìdíje ńlá àgbáyé, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ á jókòó láàárín èrò, òfin kò sì jẹ́ kó bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Nínú ìdíje ikọ̀, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, balógun ikọ̀ ló jókòó sórí rẹ̀. Bí ọmọ bá wá mumi, balógun á sọ ohun tó rí fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pariwo. Bí ó bá fìdí rẹmi, ẹlòmíràn ṣì lè gbà á sílẹ̀ ní wákàtí méjì sí i.

Bí wọ́n ti ń ṣe é lónìí ní ìpele ìkẹyìn nìyí: ìdíje mẹ́ta ló wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Méjì àkọ́kọ́, ẹnìkan sí ẹnìkan. Ẹ̀kẹta, ẹni méjì sí ẹni méjì, èyí tí àwọn eléré ń pè ní dọ́bù. Ikọ̀ tó bá mú méjì nínú mẹ́ta ló borí. Ìdíje kẹta yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìlú tí kò lówó, tí kò sì ní pápá púpọ̀, ti lè bẹ̀rẹ̀, pàápàá ìlú bíi Òṣogbo àti Iléṣà.

Ẹ bá mi ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọkùnrin ti ní Davis Cup tiwọn láti ọdún 1900. Ní 1919, Hazel Wightman, ará Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Àwọn aláṣẹ kò kà á sí. Ó fi ife tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í du ìyẹn ní 1923, àmọ́ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń du ú láàárín ara wọn. Ó di oṣù kẹfà ọdún 1963, nígbà tí àjọ tẹ́níìsì àgbáyé ń ṣe àádọ́ta ọdún, kí ikọ̀ obìnrin orílẹ̀-èdè 16 tó péjọ sí Queen's Club. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta gbáko ni wọ́n fi wà lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Owó ẹ̀bùn kò sí. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, wọ́n sì wá. Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń sọ pé “ìjọba kò tíì fún wa lówó” fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ló pàdé ní àṣekágbá. Margaret Smith ti Ọsirélíà na Darlene Hard ní 6-3, 6-0; ìyà gidi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tó ń jẹ́ Billie Jean Moffitt bọ́ sójú pápá fún Amẹ́ríkà, ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fún Lesley Turner, ó wá yí i padà: 5-7, 6-0, 6-3. Wọ́n di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó ku ìdíje kẹta. Hard, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà bí ẹni na àgbàdo gbígbẹ, tún dìde, ó bá Billie Jean wọlé. Wọ́n pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 3-6. Sẹ́ẹ̀tì kejì di 13-11, torí nígbà yẹn kò tíì sí òfin tó ń gé e kúrú. Ẹ ó máa gbá a lọ títí ẹnìkan á fi fi géèmù méjì ṣíwájú. Wọ́n mú un. Wọ́n mú ẹ̀kẹta, 6-3. Bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: dọ́bù ló pinnu ife àkọ́kọ́.

Kì í ṣe èèṣì. Ife Wimbledon àkọ́kọ́ tí Billie Jean gbà láyé rẹ̀, dọ́bù ni, ní 1961, òun àti Karen Hantze, ọmọdé méjì tí ẹnikẹ́ni kò kà kún. Ibo ló sì ti kọ́ eré náà? Ọmọ panápaná ni. Nílùú Long Beach ní ìpínlẹ̀ California, ìjọba ìlú ní pápá tẹ́níìsì nínú ọgbà ìgbafẹ́, ó sì ní olùkọ́ kan, Clyde Walker, tó ń kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ṣe iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ fún àwọn aládùúgbò títí owó rẹ̀ fi pé dọ́là mẹ́jọ àti sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó fi ra rákẹ́ẹ̀tì. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ife náà lónìí. Pápá ìlú àti olùkọ́ tí kì í gbowó ló ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fò wá sí ìgbà tiwa. Ní àwọn ọdún kan, ìdíje márùn-ún ni wọ́n ń ṣe: ẹnìkan sí ẹnìkan lẹ́ẹ̀mẹrin, dọ́bù gbẹ̀yìn. Ní 2015 ní Prague, Czech àti Rọ́ṣíà di méjì sí méjì. Karolína Plíšková àti Barbora Strýcová gba dọ́bù, ife di ti Czech. Ní 2016 ní Strasbourg, lójú àwọn Faransé nínú ilé wọn, ó tún di méjì sí méjì; Plíšková àti Strýcová kan náà ló tún parí rẹ̀, wọ́n borí Caroline Garcia àti Kristina Mladenovic. Àwọn Faransé méjì yìí tú ká fún ìgbà kan, wọ́n sì tún padà jọ. Ní 2019, wọ́n rìn dé Perth ní Ọsirélíà, ó di méjì sí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, Ashleigh Barty tó wà nípò kìíní lágbàáyé nígbà náà ló dúró lódìkejì àwọ̀n pẹ̀lú Samantha Stosur. Garcia àti Mladenovic borí wọn, 6-4, 6-3.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Málaga ní 2024. Poland ní Iga Świątek, ìràwọ̀ wọn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní ìdíje kejì, ó borí Jasmine Paolini ti Ítálì lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan náà, Paolini padà sórí pápá pẹ̀lú Sara Errani, ìyá àgbà ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ó yẹ kó lọ sinmi, wọ́n kojú Świątek àti Katarzyna Kawa, wọ́n gbà á ní 7-5, 7-5. Ítálì lọ gba ife. Ní 2025 ní Shenzhen, nílẹ̀ Ṣáínà, Ukraine fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Àwọn méjì náà ló tún yọ Ítálì, Ítálì sì tún gba ife. Kò sí ẹni tó ga ju mítà 1.65 lọ nínú Errani àti Paolini. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń pè ní kúkúrú nílé, ẹ gbọ́ o.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbí ń sọ sínú. Wọ́n ní: “Bàbá, bí wọ́n bá ti nà wá nínú méjì àkọ́kọ́, kí ni dọ́bù fẹ́ ṣe?” Òótọ́ ni. Canada borí nínú àṣekágbá 2023 ní Seville láì dé ìdíje kẹta rárá. Owó ńlá inú eré yìí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá gbá a ló wà. Mi ò sọ pé kí ẹ má kọ́ ọmọ láti dá dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ dé ipò ọgọ́rùn-ún lágbàáyé láti Iléṣà nílò owó tí ìdílé kan kò lè dá ní, ó sì nílò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Dọ́bù kò gbówó tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba ìgbọ́ra-ẹni-yé, ojú àwọ̀n, ọgbọ́n àti ìmọ̀ ẹnìkejì. Ìyẹn kò wọ́n níbí. Ní pápá kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́rin ló ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà dípò méjì. Ìlú tí pápá rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ yẹ kó ṣírò ìyẹn.

Ní Áfíríkà, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló ti gba ife yìí rí: South Africa, ní 1972, ní Johannesburg, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Brenda Kirk àti Pat Pretorius ló gba dọ́bù tó pinnu rẹ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Eré náà dára, àmọ́ ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé nílùú kan náà kò lè wà nínú ikọ̀ náà. N kò ní í fi ife yẹn yangàn.

Zimbabwe ni kí a wò. Cara Black wà nípò kìíní lágbàáyé nínú dọ́bù fún ọ̀sẹ̀ tó lé ní àádọ́jọ, ó gba dọ́bù obìnrin ní Wimbledon ní 2004, 2005 àti 2007. Bàbá rẹ̀ ló ṣe pápá oníkoríko sínú oko píà wọn lẹ́yìn Harare. Gbogbo wa kọ́ ló ní irú oko bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì, Byron àti Wayne, dọ́bù ló gbé orúkọ orílẹ̀-èdè kékeré yẹn dé òkè téńté.

Ẹni tó sún mọ́ wa jù ni Angella Okutoyi, ará Kenya. Ìbejì ni. Ìyá wọn kú níbi ìkúnlẹ̀, ìyá ìyá wọn ló tọ́ wọn nínú ọgbà ilé ìwé obìnrin kan ní Nairobi, níbi tí ìyá àgbà náà ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Inú ọgbà yẹn ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù keje ọdún 2022, òun àti ọmọ Netherlands kan, Rose Marie Nijkamp, gba dọ́bù àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Wimbledon. Kò sí ọmọ Kenya tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ní Accra, ó gba wúrà ẹlẹ́ni kan nínú Eré Ìdárayá Áfíríkà. Ẹ rí i pé dọ́bù kò dí i lọ́wọ́. Dọ́bù ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Tiwa ńkọ́? Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú tẹ́níìsì. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, Arthur Ashe àti Jeff Borowiak ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní Èkó nínú ìdíje àgbáyé nígbà tí àwọn ṣọ́jà wọ orí pápá tí wọ́n lé gbogbo ènìyàn dànù. (Òkè òkun ni wọ́n ti lọ parí eré náà.) Ní 1983, Nduka Odizor tiwa dé ìpele ẹni mẹ́rìndínlógún ní Wimbledon, lẹ́yìn tó ti yọ Guillermo Vilas nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 2012, Venus àti Serena Williams wá sí Èkó, wọ́n bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù lójú wa. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yẹn ti jọ dé àṣekágbá dọ́bù nínú ìdíje ńlá àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, kò sí èyí tí wọ́n pàdánù. A pàtẹ́wọ́ fún wọn, a lọ sílé.

Lónìí, ikọ̀ obìnrin orílẹ̀-èdè tó ń díje fún ife yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n pín wọn sí ìpele. Láàárín àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Ẹgbẹ́ Kẹta ti Áfíríkà ni Nàìjíríà ti ń jà, níbi tí orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá ti máa ń kóra jọ sílùú kan fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tó ṣe dáadáa lè gòkè. Ìdíje mẹ́ta náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Oyinlomo Quadre àti Marylove Edwards wà lára àwọn ọmọ wa tó ti wọ aṣọ náà. Ẹ gbé orúkọ wọn lọ sí Ọjà-Ọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ dárúkọ Falilat Ogunkoya níbẹ̀, àwọn àgbà á rántí Òlíńpíìkì Atlanta 1996, nígbà tí òun, Bisi Afolabi, Fatima Yusuf àti Charity Opara sáré gba fàdákà ẹlẹ́ni mẹ́rin. Eré sísá náà, anìkanjà ni lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbé fún ara wọn lọ́wọ́ ló sọ ọ́ di ti gbogbo wa.

Wàyí o, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí pápá tẹ́níìsì wà nílùú wa, ẹ tẹ̀lé ipasẹ̀ ìjọba àti òyìnbó: ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, kọ́lọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ gíga. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e, àwọn àti kọ́lọ́ọ̀bù wọn. Bí eré náà ṣe dé ọ̀pọ̀ ìlú wa nìyẹn, ó sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin máa ń rí ọ̀nà gbà wọlé: wọ́n á lọ ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀gá, ọ̀gá kan á fún wọn ní rákẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, wọ́n á máa gbá a nígbà tí àwọn àgbà bá ti jókòó ti ìgò. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ló gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ọmọbìnrin kò lè gba ọ̀nà yẹn. Ìyá tó bá ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ wà ní kọ́lọ́ọ̀bù láago méje alẹ́ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Kí a má wulẹ̀ máa bá ìyá wí pé kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣeré. Kí a gbé eré náà kúrò níbi tí ìyá ń bẹ̀rù, kí a gbé e lọ sí ilé ìwé, láago mẹ́ta ọ̀sán, kí olùkọ́ obìnrin wà níbẹ̀. Okutoyi dàgbà sínú ọgbà ilé ìwé. Kò sí ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Wọ́n á ní pápá kò sí. Pápá gidi gùn ní mítà 23.77, ó sì fẹ̀ ní mítà 10.97 fún dọ́bù. Òótọ́ ni pé owó ń bẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ láti 2012, òfin àjọ àgbáyé ni pé ìdíje ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lo bọ́ọ̀lù líle àwọn àgbà mọ́. Bọ́ọ̀lù tó rọ̀, tí kì í fò ju orí ọmọ lọ, ni wọ́n ń lò, pápá àwọn tó kéré jù sì lè jẹ́ mítà mọ́kànlá ní gígùn péré. Ilẹ̀ tí a ń to ọmọ sí láàárọ̀ láti kọrin orílẹ̀-èdè gba irú pápá bẹ́ẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ẹfun la ó fi fa ìlà. Okùn la ó ta fún àwọ̀n. Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì náà, ẹlẹgbẹ́ tí kì í rẹ̀ ni: bí o ṣe gbá a ló ń dá a padà.

Pápá àgbà, a ó nílò rẹ̀ bí ọmọ bá ti tó ọdún méjìlá. Yunifásítì Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Yunifásítì Iléṣà ti gba ipò kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí a lọ bẹ̀ wọ́n fún wákàtí méjì ní ọ̀sán Sátidé. Ní ti pápá ìjọba tó ti hu koríko, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ọmọ òṣómàáló, ta ló tún fẹ́ kọ́ yín bí a ṣe ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè? Ẹ lọ lóṣòó sí iléeṣẹ́ eré ìdárayá. Ẹ má dìde.

Ní pàtó, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìdíje láàárín Òṣogbo àti Iléṣà fún àwọn ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, torí ọjọ́ orí yẹn ni ìdíje ọ̀dọ́ ti Billie Jean King ń lò. Kí a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é lágbàáyé: ẹlẹ́ni kan méjì, dọ́bù kan, àga balógun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Lóṣù yìí kí wọ́n wá sí Òṣogbo, lóṣù tó tẹ̀ lé e kí a lọ sí Iléṣà. Ọ̀nà náà kò ju bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Ìyàtọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a ṣe: kí dọ́bù kọ́kọ́ wáyé, kí ó má jẹ́ ohun tí a ń dúró dè, kí gbogbo ọmọ tó wá gbá a, kì í ṣe méjì péré. Kí a sì má ya àwọn méjì tó bá mọ ọwọ́ ara wọn láàárín ọdún kan, bó ti wù kí ẹnìkan nínú wọn dá tayọ tó. Garcia àti Mladenovic tú ká lágbedeméjì, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ta láti Strasbourg dé Perth.

Iye tí yóò ná wa: bọ́ọ̀lù, omi, owó bọ́ọ̀sì ilé ìwé, oúnjẹ ọ̀sán. Ikọ̀ 16 ti ọdún 1963 ló gbọ́ bùkátà ara wọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lè ṣe ayẹyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ ẹbí lè ra bọ́ọ̀lù ọdún kan. Ẹ má bínú sí mi, èmi náà ra aṣọ náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì, rákẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yín ti dàgbà kọjá rẹ̀ kò wúwo ju bàtà méjì lọ nínú àpótí.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọ orúkọ ilé ìwé rẹ̀ síbẹ̀ kó tó jáde, kó sì kọ iye ọmọbìnrin tó lè mú wá àti orúkọ olùkọ́ obìnrin tí yóò tẹ̀ lé wọn. Bí ilé ìwé méjì péré bá kọ ọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì.